Amọ̀ Tí Kò Ní Yanrìn

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́. Mo mọ aago náà nítorí pé obìnrin tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pè é síta kó tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Àwa mẹ́rin la wà létí odò: èmi, obìnrin náà, Jímọ̀ ọ̀rẹ́ mi, àti Ìyá Ṣadé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ìyàwó mi olóògbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú-ewé mi mọ̀ pé mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Kabba, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Tí ọ̀rọ̀ mi bá kúrú níbì kan, ẹ bá mi mú un mọ́ra.

Olùkọ́ yunifásítì ni obìnrin náà. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá Ṣadé kọ́kọ́ rò pé dókítà ilé ìwòsàn ni, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i pé kó bá òun wò ó, nítorí ó ti tó ọdún méjì tí ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n.

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, Mà. Dókítà ẹrẹ̀ ni mí.”

“Ẹrẹ̀ náà máa ń ṣàìsàn?”

“Ó máa ń ṣe é nígbà mìíràn.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó o bá ti wo ẹrẹ̀ sàn, kó o wá kàn mí.”

Ó ní etí òkun lòun ti kọ́ iṣẹ́ náà, ní ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á ki páìpù gígùn bọ inú ẹrẹ̀ àbàtà etí òkun, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á là á sí méjì ní òòró. Ẹrẹ̀ máa ń tò lélẹ̀ lọ́dọọdún, ti ọdún tuntun lórí ti àtijọ́. Tí òkun bá ti kúrò láàyè rẹ̀ rí, tó gun orí ilẹ̀, tó gbé ilé àti èèyàn lọ, yóò fi yanrìn sílẹ̀ láàárín ẹrẹ̀ dúdú. Gbogbo ẹni tó rí ọjọ́ náà á ti kú tán, ọmọ-ọmọ wọn á ti kú tán, yanrìn náà á ṣì wà níbẹ̀.

Lókè yanrìn yẹn, ó ní òun tún máa ń bá nǹkan mìíràn: òjé, mákúrì, ìdọ̀tí tí àwọn awakùsà dà sínú odò tó jìnnà réré, tí odò sì gbé wá sí etí òkun. Ó ní ohun tí omi ṣe sí èèyàn ló máa ń wà nísàlẹ̀, ohun tí èèyàn ṣe sí omi ló máa ń wà lókè.

Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá odò kékeré bíi tiwa náà máa ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un lọ, torí oko mi wà lọ́nà ibẹ̀.

Ẹlẹ́rẹ̀ là ń pe odò wa. Ó gba àárín òkè méjì kọjá, ní apá ọ̀nà tó lọ sí Mákútú. Ibì kan wà tó ti fẹ̀, tí omi ti dúró bí adágún. Ohun kan tí mo ti ṣàkíyèsí láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í ké níbẹ̀. Lókè odò, wọ́n ń ké. Nísàlẹ̀ odò, wọ́n ń ké. Ní adágún yẹn, kẹ́kẹ́ pa. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Èmi àti Jímọ̀ la fi òòlù igi gbá páìpù náà wọlẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ki ọ̀bẹ bọ inú ọṣẹ tútù. Nígbà tí a wá fà á jáde, ilẹ̀ mí kanlẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí màá gbà sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó ti sé èémí rẹ̀ mọ́ra tipẹ́ tó wá tú u sílẹ̀. Ihò náà kò kún fún omi lójú ẹsẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ tútù sì ń ti inú rẹ̀ jáde sí mi lẹ́sẹ̀.

Jímọ̀ ní, “Bísímílà,” ó sún sẹ́yìn.

Dókítà tẹ́ tapólì, ó la páìpù náà sí méjì. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń ka ẹrẹ̀ náà wá sókè, ó ń fi ìka tọ́ka bí ẹni tó ń ka Bíbélì.

Ẹrẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ wà, èédú wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Ó ní iná ìdáná nìyẹn, èèyàn ń gbé nítòsí. Lẹ́yìn náà, yanrìn funfun, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi. Omi ńlá, ló wí. Ó wá lẹ́ẹ̀kan, ó wá pẹ̀lú agbára, ó sì lọ. Àfọ́kù ìkòkò kékeré kan há sínú yanrìn náà. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó mọ ìkòkò yẹn ti fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ etí rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Mo fi tèmi sí ojú ibẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Mo dá a padà fún un kíákíá.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ìsàlẹ̀ ni ilé wa wà tẹ́lẹ̀, kí omi tó lé wa gun òkè. Àlọ́ ni mo máa ń kà á sí.

Lókè yanrìn, ẹrẹ̀ dúdú tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èédú nínú rẹ̀. Dókítà fi ìka rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń tọ̀ ọ́ lọ.

“Níbo ni wọ́n wà?” Ìyá Ṣadé ló bi í, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó dáná níbí, Mà. Fún ìgbà pípẹ́.”

“Wọ́n kú tán ni, àbí wọ́n sá?”

“Ẹrẹ̀ kò sọ ìyẹn fún mi.”

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni èédú tún padà. Àwọn èèyàn ti wá. Àwa nìyẹn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan òkè, àwọ̀ ẹrẹ̀ yí padà lójijì. Ó di àwọ̀ eérú. Ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ó ń dán, ó dà bí òrí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Dókítà gbé ìka rẹ̀ dúró lókè rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Inú Ìyá Ṣadé dùn. “Amọ̀ mi nìyẹn!”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ilé ìyàwó mi, obìnrin tó bá lóyún àkọ́bí gbọ́dọ̀ jẹ amọ̀ láti etí odò tí ìyá rẹ̀ ti jẹ tirẹ̀. Ẹbí ló gbọ́dọ̀ gé e fún un, kì í ṣe àlejò. Wọ́n á sá a, wọ́n á yan án lórí èéfín igi, á di amọ̀ jíjẹ. Ìyá Ṣadé ló ń yan án fún gbogbo abúlé, ó sì ń gbé e lọ sí ọjà Kabba. Dúpẹ́ ọmọ mi wà nílé lọ́dọ̀ mi lákòókò náà pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ta ló wá ń gé amọ̀ fún un? Èmi ni.

Ìyá Ṣadé tú etí ìró rẹ̀, ó mú amọ̀ yíyan kan jáde, ó nà án sí Dókítà. “Fi í sẹ́nu. Kò ní yanrìn kan ṣoṣo. Àwọn ará Iffe máa ń wá a wá. Tiwọn máa ń ro wọ́n léyín.”

Dókítà gbà á, kò fi í sẹ́nu. Ó fi èékánná ha á, ó fi ìka méjì pa lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pọ̀.

“Mà, amọ̀ tí odò fúnra rẹ̀ bá tò máa ń ní yanrìn díẹ̀. Èyí tí kò ní rárá, ẹnì kan ló lọ̀ ọ́.”

Jímọ̀ ń wo omi. Èmi ń wo bàtà mi.

Dókítà mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan, ó gé ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú inú páìpù ní ìbú. Ohun kan yọ lójú ibi tó gé. Ó rí roboto, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ díẹ̀, ó ń tàn. Ó yí bọ́ sórí tapólì, ó dúró, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Dókítà mí sí i, ó rìn.

“Ó wà láàyè?” ni Ìyá Ṣadé wí.

“Mákúrì ni, Mà. Omi fàdákà. Àwọn tó ń fọ wúrà ló máa ń lò ó. Òkúta ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n dà síbí.” Ó gbójú sókè. “Ta ló fọ wúrà nínú odò yìí?”

“Kò sí,” ni Ìyá Ṣadé dáhùn. “Àwọn awakùsà wà lọ́hùn-ún, àlejò sì ni wọ́n. Wọn ò dé ibí rí. Tí wọ́n bá dé ibí, mi ò ní ṣàì mọ̀.”

Dókítà sọ ohun tó mọ̀. Ó ní òun kì í ṣe dókítà èèyàn, òun ò sì tíì yẹ ẹrẹ̀ yìí wò nílé iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ òun pé nǹkan yìí máa ń wọ ọpọlọ, pé ó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, pé ó máa ń ti ara ìyá kọjá sára ọmọ inú. Ó ní tí wọ́n bá yan án lórí iná, inú èéfín ló máa ń bọ́ sí, ẹni tó ń dáná náà á sì fà á símú.

Mi ò fẹ́ wo ọwọ́ Ìyá Ṣadé, mo sì wò ó. Ó ti kó o sábẹ́ ìró.

“Ìyá mi jẹ ẹ́,” ló wí. “Mo jẹ ẹ́. Àbúrò mi jẹ ẹ́. Ẹrẹ̀ odò tiwa ni. Ẹnì kan kò ní gba orí tapólì wá bà mí lórúkọ jẹ́.”

Kí Dókítà tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́. Wọn ò ní gbọ́ tèmi. Wọ́n máa gbọ́ tiyín.” Ó wò mí pẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀.

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí. Èmi àti Jímọ̀ ni.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, ọdún kan ni Jímọ̀ fi jù mí lọ. Òjò mẹ́ta la fi ṣe é. A máa ń fi kẹ̀kẹ́ kó òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní ìhà Mákútú, nínú àpò, a fi ewé iṣu bò ó. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ wa. A máa ń fi ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹ̀gẹ́ bàbá Jímọ̀ lọ òkúta náà títí yóò fi kúnná bí ìyẹ̀fun. Agolo mílíìkì la ń rọ omi fàdákà sí. Adágún yẹn la ti ń fọ̀ ọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kì í gba ibẹ̀ nígbà òjò. Ohun tó bá ṣẹ́kù, a dà á sómi. Wúrà yẹn ni mo fi gbéyàwó. Òun náà ni mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, etí odò ya lulẹ̀, Ìyá Ṣadé sì rí amọ̀ aláwọ̀ eérú níbẹ̀. Ó sáré wá sílé wa, ó ní Ọlọ́run ti ṣí amọ̀ tuntun fún wa. Amọ̀ tí ìyá tirẹ̀ jẹ, pupa ni, lókè odò ni wọ́n ti ń gé e. Ó ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Mo rí àwọ̀ ohun tó mú lọ́wọ́, mo sì sọ fún ara mi pé omi ti ṣan gbogbo tiwa lọ, pé nǹkan mìíràn nìyí. Ìyàwó mi jẹ ẹ́ nígbà tó lóyún Dúpẹ́. Lẹ́yìn Dúpẹ́, oyún méjì wá tí kò dúró. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, kì í lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Mi ò bi Dókítà bóyá èyí ló fa ìyẹn. Ẹ̀rù ìdáhùn bà mí.

Nígbà tí mo délé, Dúpẹ́ jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń wo fóònù, amọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ẹni tó bá ń jẹ amọ̀ máa ń dún, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Yanrìn á máa ró lábẹ́ eyín. Dúpẹ́ ń jẹ tirẹ̀, kò sí ohùn kankan. Mo gbọ́ ìró ewé, mo gbọ́ ewúrẹ́ lójúde. Láti ẹnu ọmọ mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ amọ̀ rẹ̀.

“Bàbá, níbo lẹ ń gbé e lọ? Ṣé ẹ̀yin náà ti lóyún ni?”

“Ó tutù,” mo ní. “Màá sá a.”

“Oòrùn tó ti fẹ́ wọ̀ yìí?”

Mo gbé e wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Kí n tó jáde, Ìyá Ṣadé ti bu òmíràn wá fún un láti inú ahéré tó ti ń yan án lẹ́yìn ògiri wa. Èéfín rẹ̀ ń bọ̀ lórí ògiri, ó ń rìn nílẹ̀ bó ṣe máa ń rìn tí ìrì bá ń bọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyá Ṣadé ní nígbà tí mò ń fẹ́ àbúrò òun, odidi oṣù méjì ni mo fi ń wá sílé wọn tí mi ò sọ̀rọ̀, tí bàbá wọn fi bèèrè bóyá odi ni mí. Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ di ikùn mú. Ó tún bu amọ̀ náà jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Kò jáde.

Kí àwọn Mùsùlùmí tó pe ìrun Mọ̀gàríbù, Jímọ̀ gun ọ̀kadà rẹ̀ wá. “Okun o, ará ilé.” Bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa nìyẹn, àwọn obìnrin sì dáhùn. Ó fà mí lọ sídìí igi máńgòrò.

“Sámúẹ́lì, o ò sọ nǹkan kan, àbí?”

“Rárá.”

“Má sọ ọ́. Sọ fún Dúpẹ́ pé kó má jẹ ẹ́ mọ́, ó tán.”

“Ìyá Ṣadé ń fún un.”

“Sọ pé àwọn àlejò ló wá fọ wúrà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ wádìí?”

“Ìyá Ṣadé ti ní àlejò kò débẹ̀ rí. Kò ní gbà.”

Jímọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kan. “Mo ti lọ sí Mẹ́kà. Àwọn èèyàn ń pè mí ní Àlájì. Nínú ilé tèmi náà, ìyàwó ọmọ mi méjì ló jẹ amọ̀ yẹn.” Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí ara rẹ̀ ló rí. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, kò kí mi pé ó dàárọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni mo mú ọkọ́, mo lọ sí adágún náà. Ihò tí a fa páìpù yọ níbẹ̀ kò tíì dí. Omi ti wà nínú rẹ̀ báyìí, ó mọ́ gaara, ojú mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ó ń wo òkè. Mo gé amọ̀ aláwọ̀ eérú ní etí odò, níbi gan-an tí mo ti máa ń gé e fún Dúpẹ́. Mo fi ewé kókò dì í, mo gbé e wálé.

Mo pe Ìyá Ṣadé, mo pe Dúpẹ́. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo gbé igbá fífẹ̀ kan àti garawa omi sílẹ̀ lágbàlá.

“Kí ni ọkọ àbúrò mi fẹ́ sè fún wa?” ni Ìyá Ṣadé wí. Ó ti ju amọ̀ sẹ́nu.

Mo po amọ̀ náà mọ́ omi nínú igbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá tí mo ti ṣe é gbẹ̀yìn. Mò ń fi omi ẹlẹ́rẹ̀ dànù láti etí igbá, mò ń bu òmíràn sí i. Apá mi le. Omi ń ta dànù, mo sì mọ̀ pé mò ń sọ ohun tí mò ń wá nù. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí.

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

“Ò ń yára jù. Jẹ́ kí omi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Dà á sí apá òsì.”

Jímọ̀ ni. Mi ò gbọ́ ìró ọ̀kadà rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi wá. Ó dúró létí ògiri pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jọ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di etí igbá mú, àwa méjèèjì sì ń yí i. Ọwọ́ wa rántí. Omi ń yí, ó ń yí, ó ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.

“Ìwọ Jímọ̀,” ni Ìyá Ṣadé wí, “níbo lo ti kọ́ ìyẹn?”

Jímọ̀ wò mí. Mo wo Ìyá Ṣadé lójú.

“Níbi adágún yín, Ẹ̀gbọ́n,” mo ní. “Èmi àti òun. Àwa la fọ wúrà níbẹ̀. Àwa la lọ òkúta tí ẹ̀ ń pè ní amọ̀.”

A da omi tó kù nù. Ní ìdí igbá, ohun tó wúwo jù nínú ẹrẹ̀ náà dùbúlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù, dúdú àti pupa, wúrà wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan sì wà nínú rẹ̀. Ní ìparí ìrù náà ni ẹ̀kán omi fàdákà méjì wà. Nígbà tí mo tẹ igbá, wọ́n sún mọ́ ara wọn, wọ́n di ọ̀kan.

Ìyá Ṣadé bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn yọ amọ̀ kúrò lẹ́nu, ó tutọ́ sílẹ̀, ó tún tutọ́. Kò bú wa. Ìbá ti dára kó bú wa.

“Àbúrò mi mọ̀?” ló bi mí.

“Kò mọ̀.”

Dúpẹ́ gbé ọwọ́ lé ikùn. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ gé e fún mi.”

“Èmi ni.”

“Nígbà tẹ́ ẹ ní ó tutù lánàá ńkọ́?”

“Irọ́ ni mo pa.”

Ó dìde, ó wọlé. Mo rò pé ó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó tún jáde pẹ̀lú gèlè rẹ̀ àti káàdì tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn. Ó ní, “Ẹ wọ bàtà yín.”

Mo rọ ohun tó wà nídìí igbá sínú ìgò kan, mo dé e pinpin kí dókítà ilé ìwòsàn lè rí i. Jímọ̀ lọ sílé láti lọ sọ fún àwọn tirẹ̀. Àwa mẹ́ta, èmi, Dúpẹ́ àti Ìyá Ṣadé, wọ mọ́tò lọ sí Kabba. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, èmi náà na apá mi. Wọ́n ní ìlú mìíràn ni àyẹ̀wò rẹ̀ máa lọ, kò sì ní yá. A ṣì ń retí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo máa ń rò pé ẹni tó bá dákẹ́ kò purọ́. Ìwà mi nìyẹn láti kékeré, àwọn èèyàn sì ń yìn mí fún un. Ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi dákẹ́, ẹrẹ̀ yẹn ń wọ ẹnu àwọn tí mo fẹ́ràn jù láyé, ọwọ́ mi ló sì ń gé e fún wọn. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Mi ò ní òmíràn.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà nítòsí ibi tí wọ́n ti wa wúrà rí, láti Igbáruku títí dé ọ̀dọ̀ wa, níbo lẹ ti ń gé amọ̀ yín? Ṣé yanrìn wà nínú rẹ̀? Ta ni ẹ mọ̀ tó ti fọ nǹkan sínú odò yín, àbí ẹ̀yin fúnra yín ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Tí ojú bá ń tì yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Gbogbo rẹ̀ ni màá kà, màá sì dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn.